Ọjọ́ tí Mẹ́mórì Dínkù ní Oǹdó

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí ẹnikẹ́ni tó pè mí ní olè. Ìlú Oǹdó ló ti ṣẹlẹ̀, ní ọ̀sán gangan, nínú pálọ̀ olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ohun tí wọ́n ní mo jí kò sì tóbi ju ìka ọwọ́ méjì lọ. Ká ní ewúrẹ́ ni wọ́n ní mo jí, ǹ bá mọ bí mo ṣe máa gbèjà ara mi, nítorí gbogbo àdúgbò wa ló mọ̀ pé mo ń bẹ̀rù ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n mẹ́mórì kọ̀ǹpútà ni. Ta ló fẹ́ ṣàlàyé fún èrò tó kún ẹnu ọ̀nà pé mẹ́mórì lè dínkù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mú un? Èmi alára kò tíì mọ̀ nígbà yẹn.

Rédíò ni iṣẹ́ tí mo kọ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo fi ẹsẹ̀ kan wọ girama, owó tán, mo fi ẹsẹ̀ náà jáde. Ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn télọ̀. Mo tún rédíò ṣe, mo tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, títí irun orí mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Nígbà tó yá, rédíò wọ inú fóònù gbogbo ayé, ṣọ́ọ̀bù mi sì di ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń jókòó jẹ ẹ̀pà.

Ọdún líle ni àwọn ọdún yẹn. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wọlé ní ìlàjì, nígbà mìíràn kì í wọlé rárá. Ní Àkúrẹ́, bí òṣìṣẹ́ ìjọba kò bá gbowó, télọ̀ kò ní rí aṣọ rán, ọlọ́kadà kò ní rí ẹni gbé, ẹni tó ń tún rédíò ṣe kò tilẹ̀ yẹ kó máa béèrè. Ìyàwó mi ló bá mi sọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

Ó ní, "Bàbá Tọ́pẹ́, Bùnmi tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, ṣé kò lè kọ́ yín níṣẹ́?"

Mo ní, "Bùnmi wo? Bùnmi tí mo máa ń fún ní bisikíìtì?"

Ó ní, "Òun náà ni. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù báyìí. Ẹ̀yin ní ẹ̀pà."

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ ọmọ tí mo gbé jó nìyẹn. Ìṣòro tí a kọ́kọ́ ní, ti ẹnu ni, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Bùnmi kò lè pe àgbàlagbà bíi tèmi ní "ìwọ". Èmi náà kò lè pe ọ̀gá mi ní "ìwọ". Ni a bá ń fi "ẹ" ránṣẹ́ síra wa láàárọ̀ lálẹ́, tí oníbàárà tó bá wọlé kì í mọ ẹni tó ń kọ́ ẹni.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí."

"Bọ̀dá, ẹ ti fi í sódì."

"Ẹ má bínú, ọ̀gá."

"Ẹ yọ ọ́, bọ̀dá, ẹ rọra."

Ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé ni Bùnmi, "uṣẹ́" ló máa ń pe iṣẹ́. Bí mo bá ti ń bá oníbàárà ròyìn ayé àtijọ́ jù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò sọ láìgbé ojú sókè: "Bọ̀dá, uṣẹ́!" Èmi á sì padà sídìí kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀rù kọ̀ǹpútà bà mí púpọ̀. Rédíò kì í ṣe ọlọ́kàn líle. Bí ó bá ń ṣe agídí, o lè gbá a lẹ́yìn, yóò sì dáhùn. Kọ̀ǹpútà kò ṣe é gbá. Ọ̀gá mi tún wá sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi ní ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ tó dá kún ẹ̀rù náà. Ó ní ara ènìyàn máa ń ní iná díẹ̀ nínú, iná tí ènìyàn kò mọ̀ sí, àti pé bí mo bá fi ara bẹ́ẹ̀ kan inú kọ̀ǹpútà, mo lè pa á. Nítorí náà, kí n máa kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin kí iná ara mi lè jáde. Ẹ̀kọ́ yẹn wọ̀ mí lára ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí irin tí mo rí tí n kò fọwọ́ kàn. Ìyàwó mi ní mo ń fọwọ́ kan ṣíbí kí n tó jẹun.

Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gbá géèmù ló wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa lásìkò náà. Owó kò sí láti ra tuntun, gbogbo ènìyàn kàn ń fi tòkúnbọ̀ kún ti àtijọ́ ni. Ohun mẹ́ta lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ níbẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Èkíní ni káàdì àwòrán: òun ló ń ya gbogbo ohun tí ojú ń rí nínú géèmù, bí ó bá sì jẹ́ arúgbó, àwòrán á máa fò bí ẹni tí òtútù ń mú. Èkejì ni mẹ́mórì, igi pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a ń tì bọ inú ẹ̀rọ. Ẹ rò ó bíi tábìlì télọ̀: bí tábìlì bá ṣe fẹ̀ tó ni aṣọ tó lè tẹ́ sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ṣe pọ̀ tó. Gíìgì ni a fi ń wọn fífẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni wíńdò, alábòójútó tó ń pín iṣẹ́ fún gbogbo wọn. Èmi mọ méjì àkọ́kọ́ dáadáa. Wíńdò ni n kò tíì mọ ìwà rẹ̀ délẹ̀.

Màmá Tíṣà ló pè láti Oǹdó. Wọ́n ti jẹ́ olùkọ́ àgbà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ní ẹni tó ń wàásù fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, àwọn ló kọ́ ọ ní ABD. Ọkọ wọn, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Dírẹ́bà, fi ayé wọn wa ọkọ̀ ẹrù láti Oǹdó títí dé òkè Ọya, kí àìsàn tó mú ẹsẹ̀ wọn ọ̀tún. Látìgbà náà, orí àga ni wọ́n wà. Ọmọ wọn ọkùnrin fi kọ̀ǹpútà géèmù rẹ̀ sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀ nígbà tó ń lọ sí òkè òkun, pẹ̀lú sítíárìn kan tó dà bíi ti mọ́tò gidi, tí ibi tí a ti ń fọwọ́ tẹná àti bíréèkì wà lára rẹ̀. Ni Bàbá bá tún di awakọ̀. Géèmù ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n ń gbá lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ti ń darúgbó, ọkọ̀ á máa fò, ọ̀nà á máa já. Ọmọ wá fi nǹkan rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé: káàdì àwòrán méjì bí ìbejì, tí wọ́n ń so pọ̀ kí wọ́n lè jọ ṣiṣẹ́, àpótí ńlá tí yóò máa pín iná fún wọn, àti mẹ́mórì gíìgì mẹ́rin tí a ó fi kún mẹ́rin tó ti wà níbẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa bọ́ sí ọjọ́ tí ọ̀gá mi ní iṣẹ́ ní yunifásítì kan ní Ìlárá-Mọ̀kín.

Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ máa lọ."

Mo ní, "Èmi nìkan?"

"Ṣé kí n wá di yín lọ́wọ́ mú ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tún yí padà. "Bọ̀dá, ẹ gbọ́. Àwọn ará Oǹdó ló ń bọ́ wa báyìí. Ìpè kan láti ẹnu Màmá Tíṣà lè mú ilé mẹ́wàá wá, ó sì lè lé mẹ́wàá lọ. Bí orúkọ wa bá bàjẹ́ nílé wọn, èmi á ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ibi tí ẹ máa padà sí."

Mo mọ̀ ọ́n. Ta ló máa gba ọmọ iṣẹ́ tó ní ewú lórí lẹ́ẹ̀kejì?

Mo wọ mọ́tò, mo gbé báàgì iṣẹ́ mi lé itan. Ní Ọ̀wẹnà, obìnrin kan wọlé pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ó fẹ́ gbé odidi kan lé báàgì mi. Mo pariwo débi pé dírẹ́bà tẹ bíréèkì. Obìnrin náà wò mí tìyanu tìyanu. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ọmọ tuntun ló wà níbẹ̀ ni?"

Màmá Tíṣà ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó nà ṣánṣán, pẹ̀lú awò ojú tó so mọ́ okùn lọ́rùn.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin ni ẹnjiníà?"

"Èmi ni, mà." Bí a bá fi ojú ìfẹ́ wò ó, kì í ṣe irọ́.

Kí n tó fọwọ́ kan nǹkankan, wọ́n ní kí n tan ẹ̀rọ, kí n ṣí ibi tí wíńdò ti ń sọ iye mẹ́mórì, kí n sì kà á sókè ketekete.

"Gíìgì mẹ́ta àti díẹ̀, mà."

"Mẹ́rin ni ọmọ mi ní ó wà níbẹ̀."

"Bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn, mà." Ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá mi nìyẹn. N kò béèrè ìdí rẹ̀ rí.

"Ó dáa. Ẹ̀yin fẹ́ fi mẹ́rin kún un. Mélòó ló máa dà?"

"Mẹ́jọ, mà."

"Mo ti gbọ́," ni wọ́n wí, bí ìgbà tí adájọ́ bá kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Bàbá Dírẹ́bà jókòó sídìí fèrèsé, wọ́n gbé sítíárìn lé itan bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tuntun. Mo pa ẹ̀rọ, mo tú ìdérí rẹ̀. Mo fọwọ́ kan irin fèrèsé. Mo tún rántí pé mo ti họ imú, mo tún lọ fọwọ́ kàn án. Nígbà tó ṣe, Bàbá ní, "Ẹnjiníà, ṣé ò ń kí fèrèsé ni?"

"Iná ara mi ni mo ń tú sílẹ̀, sà."

"Tú u dáadáa o. Má gbàgbé èyíkéyìí sínú."

Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n wọ inú ilé ìdáná lọ wo ẹ̀wà lórí iná. Àsìkò yẹn ni mo ṣe ohun tó kó mi sí wàhálà. Mo mú àwọn mẹ́mórì náà, ti àtijọ́ àti tuntun, mo rí i pé ohun pupa kan ta sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tó tó àtàǹpàkò èèrà. Mo rò pé ọ̀dà ló ta sí i. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní rédíò kò fi ìmọ́tótó ṣeré: ó ní ohun oníbàárà gbọ́dọ̀ mọ́ nígbà tó bá ń kúrò lọ́wọ́ ẹni ju ìgbà tó dé lọ. Mo bu tínà, omi tí wọ́n fi ń fọ ọ̀dà kúrò, díẹ̀ sí òwú, mo nù wọ́n rekete. Inú mi dùn sí ara mi. Mo tì wọ́n bọ ẹ̀rọ, mo pààrọ̀ àpótí iná, mo yọ káàdì kékeré àtijọ́, mo fi ìbejì sípò, mo sì so wọ́n pọ̀. Iná ìjọba kò sí, a ti tan jẹnẹrétọ̀. Mo pe orúkọ Ọlọ́run, mo tẹ bọ́tìnnì.

Ó jí. Bàbá wọ inú ọkọ̀ wọn lójú kọ̀ǹpútà. Òjò ń rọ̀ lójú ọ̀nà níbẹ̀, omi ń ṣàn lórí gíláàsì, wáípà ń nù ún, iná mọ́tò tó ń bọ̀ níwájú ń tàn lára omi náà.

"Tíṣà!" Bàbá ké. "Tíṣà, wá wo òjò!"

Màmá dé, wọ́n dúró wo òjò náà. Wọ́n gbé ọwọ́ lé èjìká ọkọ wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí mi. "Ó dára púpọ̀. Ẹ ṣí ibi mẹ́mórì, ká rí mẹ́jọ wa."

Mo ṣí i. Mo wò ó. Mo fi apá nu ojú kọ̀ǹpútà, mo tún wò ó.

"Ẹ kà á."

"Gíìgì… méjì àbọ̀, mà."

"Ẹ tún un kà."

Kò yí padà.

Màmá kò pariwo. Ohùn wọn lọ sílẹ̀ ni, ìyẹn sì burú jù. "Mẹ́rin ló wà. A fi mẹ́rin kún un. Ó di méjì àbọ̀. Níbo ni wọ́n ti kọ́ yín ní ìṣirò? Ẹ ṣí i."

Mo ṣí i. Wọ́n gbé awò sójú, wọ́n mú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n tẹ̀ba wo inú ẹ̀rọ náà.

"Kútẹ́sì mi dà?"

Mo ní, "Mà?"

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n ti gbọ́ kí n tó kúrò ní Àkúrẹ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò bá fọkàn tán oníṣẹ́ á fi bírò kọ orúkọ rẹ̀ sára nǹkan rẹ̀. Àwọn ìyá àdúgbò yẹn ní tiwọn, látìgbà tí oníṣẹ́ kan ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì fíríìjì ẹnì kan nínú wọn, kútẹ́sì pupa tí wọ́n fi ń kun èékánná ni wọ́n ń fi sàmì. Kò sí fáànù, kò sí bátìrì fóònù, tó máa bọ́ sọ́wọ́ oníṣẹ́ láìní kútẹ́sì lára. Màmá ti dìde láàárọ̀ kùtù fi tiwọn sára àwọn mẹ́mórì náà.

"Mo nù ún, mà."

"O ṣe kí ni?"

Bí mo ṣe gbọ́ tí "ẹ" di "o", mo mọ̀ pé mo ti dáràn.

"Mo rò pé ìdọ̀tí ni, mà."

"Kútẹ́sì mi ni ìdọ̀tí?" Wọ́n jáde sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì fi èdè Oǹdó ké sí àdúgbò. Ó yá jù fún mi, ìlàjì rẹ̀ kò yé mi. Ṣùgbọ́n "olè" kò ṣòro láti gbọ́ ní èdè kankan. Kíá ni ẹnu ọ̀nà kún. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Bọ́sẹ̀ ló wà níwájú, ó ti ń béèrè ibi tí okùn wà.

Kí n má purọ́, mo fẹ́ sá. Mo wo fèrèsé tí mo ti ń kí látàárọ̀, irin rẹ̀ kò gba orí mi kọjá.

"Tíṣà, jẹ́ kí ọkùnrin náà sọ̀rọ̀," Bàbá wí. "Ta ló ń jalè tó tún ń fọ nǹkan?"

Wọ́n ní kí n tú báàgì mi sílẹ̀. Mo tú u. Kò sí mẹ́mórì kankan níbẹ̀. Sukudíráfà ló wà níbẹ̀, àti ìgò tínà, àti òwú tó ti pọ́n. Màmá mú òwú náà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. "Kútẹ́sì mi nìyí lóòótọ́," ni wọ́n wí. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Wọ́n fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ nǹkan náà ni yóò kọ́kọ́ nu àmì ara rẹ̀. Ó sì lè ti ju ojúlówó sí ẹnìkejì rẹ̀ láti ojú fèrèsé." Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún mú àwọn ọmọ tó ń jíwèé wò nínú ìdánwò, ẹ kò lè fi òwú tàn án.

Mo bẹ̀ wọ́n kí n pe ọ̀gá mi.

"Ọ̀gá, wọ́n ní mo jalè."

"Kí lẹ jí?"

"Mẹ́mórì. Ó yẹ kó jẹ́ mẹ́jọ, ó di méjì àbọ̀."

Ó ní, "Káàdì méjèèjì ti wà nínú ẹ̀rọ?"

"Wọ́n wà níbẹ̀."

Ni ọmọ yìí bá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ènìyàn ń wá okùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, ẹ̀bi mi ni. Mo yẹ kí n ti béèrè irú wíńdò tó wà lórí ẹ̀rọ yẹn. Ẹ jẹ́ kí Màmá gbọ́ ohùn mi."

Mo tẹ fóònù sí gbangba. Ó kí Màmá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó kí Bàbá, ó béèrè àlàáfíà ilé, kó tó dé orí ọ̀rọ̀. Ó ní wíńdò àtijọ́ tó wà níbẹ̀, èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní tátì-tú, kò lè ka nọ́ńbà kọjá gíìgì mẹ́rin. Gbogbo ohun tó bá wà nínú ẹ̀rọ ló sì gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lè bá a ṣiṣẹ́. Kì í ṣe mẹ́mórì nìkan. Káàdì àwòrán náà ń gba tiẹ̀, òun ló sì ń kọ́kọ́ gbà. Bí káàdì bá ṣe tóbi tó ni nọ́ńbà tó máa gbé lọ ṣe pọ̀ tó. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni mẹ́mórì máa rí. Ìdí nìyẹn tí mẹ́rin fi jẹ́ mẹ́ta àti díẹ̀ látàárọ̀, tó sì fi tún wálẹ̀ nígbà tí ìbejì wọlé.

N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yé. Mo ń mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Màmá ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé.

"Ẹ dúró ná," ni wọ́n wí. "Gbọ̀ngàn ìdánwò nìyẹn. Nọ́ńbà orí tábìlì ò ju mẹ́rin lọ. Ọmọ mẹ́jọ ló wá. Àlejò pàtàkì méjì ti òkè òkun dé, wọ́n ti lọ jókòó síwájú. Àwọn ọmọ tí kò rí nọ́ńbà wà lóde, wọn kò sọnù, ṣùgbọ́n alábòójútó kò ní pe orúkọ wọn."

"Ẹ̀yin gan-an lẹ sọ ọ́, mà!" ni ọ̀gá mi wí.

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Mo fẹ́ rí àwọn ọmọ tó wà lóde yẹn."

Ọ̀gá mi ní kí n tan ẹ̀rọ, kí n fi bọ́tìnnì kan dá a dúró lójú dúdú tó máa ń kọjá fìrí kí wíńdò tó jí. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń ka mẹ́mórì níbẹ̀, wíńdò kò sí níbẹ̀ láti dá sí i. Mo dá a dúró. Gíìgì mẹ́jọ ló wà níbẹ̀ ní pípé. Màmá kà á. Ìyá Bọ́sẹ̀ náà tẹ̀ síwájú, ó kà á.

"Ẹ yọ ìbejì kúrò, bọ̀dá, kí ẹ dá káàdì kékeré padà," ohùn ọ̀gá mi wí láti inú fóònù.

Mo fẹ́ yọ ọ́, Màmá ní rárá. Àwọn fúnra wọn ló máa yọ ọ́. Mo ní, "Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin, mà." Olùkọ́ àgbà yìí rìn lọ sídìí fèrèsé, wọ́n fọwọ́ kan irin níwájú gbogbo àdúgbò. Bàbá ń rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́. Mo fi ìka hàn wọ́n, wọ́n yọ káàdì, wọ́n fi ti àtijọ́ sí i. Wíńdò jí. Mẹ́ta àti díẹ̀, bíi ti àárọ̀. Wọ́n dá ìbejì padà. Méjì àbọ̀. Mẹ́mórì kò kúrò lójú kan ní gbogbo ìgbà náà.

Màmá yọ awò ojú wọn. Èrò ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í túká, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí wọ́n pè nílé.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ọ̀gá mi dé tààrà láti Ìlárá, ó mú àwo wíńdò tuntun dání, èyí tí à ń pè ní síkítì-fọ̀. Ó ní nọ́ńbà tirẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni ní Oǹdó lè rí mẹ́mórì rà dí lọ. Ó kọ́kọ́ kó gbogbo ìrìnàjò Bàbá pamọ́ sínú fíláàṣì, nítorí wọ́n ní bí ọkọ̀ àwọn bá sọnù sójú ọ̀nà, àwọn á fi sítíárìn na ẹnì kan. Ó wá pa wíńdò àtijọ́ rẹ́, ó fi tuntun sí i. Màmá ní kí n ṣí ibi mẹ́mórì, kí n kà á.

"Gíìgì mẹ́jọ, mà."

Bàbá kò dúró gbọ́. Wọ́n ti wọnú òjò lọ.

A kó irinṣẹ́ wa, a fẹ́ máa lọ. Màmá ní, "Ẹ dúró." Wọ́n wọlé lọ wé gèlè. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n dojú kọ mi, "ìwọ" ti lọ, "ẹ" ti padà. "Ìta ni mo ti pè yín lólè. N kò lè jókòó sínú pálọ̀ gba ọ̀rọ̀ náà padà."

Wọ́n bọ́ síwájú, èmi tẹ̀lé wọn, ọ̀gá mi wà lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ilé dé ilé ni a lọ, gbogbo ilé tó ti gbọ́ ariwo náà. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, Màmá á nà ṣánṣán bí ẹni tó wà níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé láàárọ̀: "Ọkùnrin tí mo pè lólè lónìí, kì í ṣe olè. Mo ṣì í pè. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀." Àwọn ènìyàn á ní, "Ẹ má bínú, bọ̀dá." Èmi á dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, n kò mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Mo ti rò pé kí wọ́n pe ènìyàn lólè ló nira jù. Kí wọ́n máa mú ọ kiri àdúgbò pé o kì í ṣe olè, ìyẹn náà ní tiẹ̀.

Ilé Ìyá Bọ́sẹ̀ ni a parí sí. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Màmá tán, ó tún wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ṣé ó mọ tẹlifíṣọ̀n?"

Ọ̀gá mi ní, "Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó wọn, mà. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n gbó sí."

"Kó wọlé wá wo tèmi. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í ya àwòrán."

Mo wọlé. Ó fi ẹ̀rọ náà hàn mí, ó sì rántí ọbẹ̀ tó gbé kaná. Ó lọ sẹ́yìnkùlé. Màmá àti ọ̀gá mi wà lóde, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, èmi nìkan ló kù nínú pálọ̀ náà. Báàgì Ìyá Bọ́sẹ̀ wà ní ṣíṣí lórí àga, fóònù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì yọjú wò mí, àní lẹ́ẹ̀kan. Mo ń gbọ́ ọ tó ń kọrin lẹ́yìn ilé.

Mo fa àga kan, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdí tẹlifíṣọ̀n náà.